Wòlíì Bí Iná: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ewì Èlíjà Nínú Ìwé Síràkì, Orí 48

Níbo ni ewì yìí wà, ta ló sì kọ ọ́?

Ó wà nínú Ìwé Síràkì, orí 48, ẹsẹ 1 sí 11. Ben Sírà, olùkọ́ ọgbọ́n kan ní Jerúsálẹ́mù, ló kọ ọ́ ní nǹkan bí ọdún 180 ṣáájú ìbí Kristi. Èdè Hébérù ló fi kọ ọ́. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ló tú u sí èdè Gíríìkì ní Íjíbítì. Òun fúnra rẹ̀ sọ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú pé ọdún kejìdínlógójì ìjọba Euergetes, ọba Íjíbítì, lòun dé ibẹ̀, èyí tó bọ́ sí ọdún 132 ṣáájú ìbí Kristi.

Ẹ má fi ìwé yìí pe Ìwé Oníwàásù o. Orúkọ àwọn méjèèjì jọra lédè Látìn, Ecclesiasticus àti Ecclesiastes, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í mú. Orí 12 péré ni Oníwàásù ní. Síràkì ní 51.

Mi ò rí Síràkì nínú Bíbélì mi. Kí ló fà á?

Àwọn Júù kò kà á mọ́ Ìwé Mímọ́ tiwọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn rábì wọn ayé àtijọ́ a máa fa ọ̀rọ̀ yọ nínú rẹ̀. Àwọn ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì tẹ̀lé ìyẹn. Ìdí nìyẹn tí Bíbélì tó wà nínú ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá, èyí tí iṣẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther jẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀, fi ti Málákì bọ́ sí Mátíù tààrà. Àwọn Kátólíìkì àti Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì gbà á bí Ìwé Mímọ́. Àwọn Áńgílíkà gbà pé ó dára ní kíkà fún ẹ̀kọ́ ìwà, ṣùgbọ́n wọn kì í gbé ìgbàgbọ́ kankan kalẹ̀ lórí rẹ̀.

Bí ẹ bá jẹ́ Kátólíìkì, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti gbọ́ apá kan ewì yìí rí láìmọ̀. Ẹsẹ 1 sí 4 àti 9 sí 11 ni ìwé kíkà kìíní ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ kejì Ìgbà Dídé Olúwa, lọ́dọọdún. Ẹ kíyè sí i pé wọ́n fo ẹsẹ 5 sí 8. Àárín ewì gan-an ni wọ́n gé kúrò, a ó sì rí i nísàlẹ̀ ohun tí ìyẹn ń mú sọnù.

Ìwé ọgbọ́n ni Síràkì. Kí ni wòlíì ń wá níbẹ̀?

Ìbéèrè yìí tọ́, torí pé ẹ lè ka Ìwé Òwe, Jóòbù àti Oníwàásù tán láìrí Mósè tàbí Èlíjà níbẹ̀ rárá. Ben Sírà ló yí i padà. Lẹ́yìn orí mẹ́tàlélógójì tí òwe àti ìmọ̀ràn pọ̀ jù nínú wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yin àwọn baba ńlá láti orí 44, kò sì dákẹ́ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Símónì olórí àlùfáà ní orí 50. Orí 24 ti la ọ̀nà sílẹ̀ fún un. Níbẹ̀, Ọgbọ́n ń wá ibi tí yóò dúró sí káàkiri ayé, ó sì wá pàgọ́ rẹ̀ sí Ísírẹ́lì. Lójú Ben Sírà, bí Ọgbọ́n bá ti ní àdúgbò, ó yẹ kí a lè dárúkọ àwọn tó bá a gbé ibẹ̀.

Kò pín ìyìn náà dọ́gba. Áárónì gba ẹsẹ 17, Mósè gba 5. Jeremáyà gba ẹsẹ kan, Ìsíkíẹ́lì gba ẹsẹ kan, àwọn wòlíì méjìlá lápapọ̀ gba ẹsẹ kan. Sámúẹ́lì gba 8. Èlíjà gba 11, kò sì sí wòlíì tó gbà tó bẹ́ẹ̀.

Ṣé a lè pè é ní oríkì?

Ọ̀dọ̀ wa kọ́ ló ti wá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi etí oríkì gbọ́ ọ yóò tètè yé e ju ẹni tó kà á bí ìtàn lọ. Ìtàn á sọ bí nǹkan ṣe ṣẹlẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ewì yìí gbà pé ẹ ti mọ ìtàn. Ó kàn ń fọwọ́ kan ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì ń sọ ọ́ di orúkọ.

Ẹ wo ẹsẹ 5 sí 10. Nínú Hébérù, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ní í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú *ha-* tí wọ́n so mọ́ ọ̀rọ̀ ìṣe: *hammeqim*, ẹni tí ń jí dìde, *hammorid*, ẹni tí ń rẹni sílẹ̀. Iṣẹ́ tí *a-* ń ṣe lẹ́nu akéwì tiwa gan-an ni. Bí a bá fẹ́ kó rọ̀ mọ́ ẹnu Yorùbá, báyìí ni à bá tú u:

A-jí-òkú-dìde, a-fà-á-yọ-ní-isà-òkú nípa ìfẹ́ Olúwa.
A-rọ-ọba-lọ-sí-kòtò, a-já-ọlọ́lá-lulẹ̀-lórí-ibùsùn.
A-gbọ́-ìbáwí-ní-Sínáì, a-gbọ́-ìdájọ́-ẹ̀san-ní-Hórébù.
A-ta-òróró-sórí-ọba-agbẹ̀san, àti wòlíì tí yóò rọ́pò rẹ.
Ẹni tí ààjà gbé ròkè, pẹ̀lú ọ̀wọ́ ọmọ ogun iná.
Ẹni tí a kọ nípa rẹ̀ pé ó wà ní sẹpẹ́ de àkókò.

Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni orúkọ náà wá. Ní mẹ́rin àkọ́kọ́, Èlíjà ló ń ṣe nǹkan. Ní méjì ìkẹyìn, òun ni wọ́n ń ṣe nǹkan sí: wọ́n gbé e lọ, wọ́n kọ nípa rẹ̀. Akọni tó ń já ọba lulẹ̀ wá di ẹni tí ọwọ́ mìíràn gbé. Ọ̀pọ̀ ìtumọ̀ ti pa ìyípadà yìí rẹ́ nípa sísọ gbogbo rẹ̀ di "ìwọ ni o ṣe báyìí, ìwọ ni o ṣe tọ̀hún".

Nípa "ìwọ" yẹn: Hébérù lo *attah*, ẹnì kan ṣoṣo. Kò yẹ kí a tú u sí "ẹ̀yin" torí ọ̀wọ̀. Akéwì a máa wo ojú ọba kó sì pè é ní "ìwọ", àrífín ò sì sí níbẹ̀.

Wọ́n ní ẹsẹ 1 nìkan tó kọ́ ènìyàn ní ohun tí ewì jẹ́. Báwo?

Ẹ jẹ́ ká súnmọ́ ọn. Bí Hébérù ṣe kà nìyí: "Títí wòlíì kan fi dìde bí iná, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dà bí ààrò tí ń jó."

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde ni "títí". Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ kíkà láti orí 48 kò ní mọ ohun tí "títí" ń so pọ̀. Òpin orí 47 ló so mọ́: Rèhóbóámù ya òmùgọ̀, Jèróbóámù kó Ísírẹ́lì sínú ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ náà ń pọ̀, ó ń pọ̀, títí wòlíì kan fi dìde. Lẹ́yìn Ben Sírà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pín ìwé sí orí-orí, ìpín náà sì gé gbólóhùn yìí lọ́rùn. Ẹ máa bẹ̀rẹ̀ láti 47:23.

Ọ̀rọ̀ kejì ni *tannur*, tí mo pè ní ààrò. Ààrò búrẹ́dì ni: amọ̀ tí wọ́n mọ róbótó bí ìkòkò gbọọrọ, ẹnu rẹ̀ ṣí sókè. Inú ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń dáná sí. Bí ọwọ́ iná bá ti rọlẹ̀, tí ògiri rẹ̀ sì ti gbóná dáadáa, wọ́n á na ọwọ́ wọnú rẹ̀, wọ́n á lẹ ìyẹ̀fun tí wọ́n ti pò mọ́ ara ògiri náà. Ààrò tí ọwọ́ iná ṣì ń yọ lẹ́nu rẹ̀ kò tíì ṣeé lò. Ṣe ni yóò jó ọwọ́, yóò sì jó búrẹ́dì. Irú ààrò yẹn ni ọ̀rọ̀ Èlíjà.

Ẹ wá bọ́ sí ẹsẹ 2: "Ó ṣẹ́ ọ̀pá oúnjẹ wọn." Ààrò wà, búrẹ́dì ò sí. Ben Sírà kò ṣàdédé kó méjèèjì pọ̀. Ní Léfítíkù 26:26, Ọlọ́run ní òun yóò ṣẹ́ ọ̀pá oúnjẹ àwọn ènìyàn náà, obìnrin mẹ́wàá yóò sì máa yan búrẹ́dì nínú ààrò kan ṣoṣo. *Tannur* náà ni, *matteh lehem*, ìyẹn ọ̀pá oúnjẹ, náà ni. Ẹni tó mọ Òfin ní Jerúsálẹ́mù yóò gbọ́ ègún májẹ̀mú lábẹ́ orúkọ wòlíì náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un. *Tannur* tún fa Málákì wọlé, torí pé òun náà sọ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò jó bí ààrò.

Ìtumọ̀ Gíríìkì kọ "ògùṣọ̀" síbẹ̀. Ògùṣọ̀ dára lójú, ṣùgbọ́n kò yan búrẹ́dì, kò sì gbé Léfítíkù tàbí Málákì wá. Bí Bíbélì yín bá kọ ògùṣọ̀ tàbí fìtílà, Gíríìkì ló tẹ̀lé.

Kí ló dé tí orúkọ Èlíjà kò fi jáde títí di ẹsẹ 4?

Nínú Hébérù ni ó rí bẹ́ẹ̀. Gíríìkì ti dárúkọ rẹ̀ láti ẹsẹ 1. Mo gbà pé Hébérù ló dára jù. Ẹsẹ mẹ́ta gbáko la fi ń gbọ́ nípa "wòlíì kan": iná, ìyàn, ọ̀run tó ti pa. Lẹ́yìn náà ni akéwì yíjú sí i lójijì, ó ké: "Báwo lo ṣe lẹ́rù tó, Èlíjà!" Láti ibẹ̀ lọ, kò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ mọ́, ó ń bá a sọ̀rọ̀. Ẹni tí ń kà á sétí ìjọ gbọ́dọ̀ dánu dúró díẹ̀ kí ó tó dé ẹsẹ 4. Bó bá sáré kọjá, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ pé nǹkan kan yí.

Iná mẹ́ta wo ni ẹsẹ 3 ń sọ?

Ọ̀kan ní Òkè Kámẹ́lì, lórí ẹbọ (1 Àwọn Ọba 18:38). Méjì yòókù wà ní 2 Àwọn Ọba 1: olórí ogun kan wá pẹ̀lú ọmọ ogun àádọ́ta, iná jó wọn, òmíràn wá pẹ̀lú àádọ́ta, iná jó àwọn náà. Gbogbo wọn jẹ́ 102. Ẹkẹta kúnlẹ̀ ó bẹ̀bẹ̀, ó sì yè. Kẹ̀kẹ́ iná orí kejì kò sí lára mẹ́ta yìí, torí pé Èlíjà kọ́ ló pè é sọ̀kalẹ̀.

Ẹ máa ṣọ́ "sọ̀kalẹ̀" yẹn. Nínú 2 Àwọn Ọba 1, ọba Àhásáyà já bọ́ láti yàrá òkè ní Samáríà, ó dùbúlẹ̀ àìsàn. Èlíjà ní kò ní sọ̀kalẹ̀ lórí ibùsùn tó gùn. Àwọn ọmọ ogun ní, "Ènìyàn Ọlọ́run, sọ̀kalẹ̀." Ó ní kí iná sọ̀kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣe kan náà ni, *yarad*. Ben Sírà gbé e ó sì fi hun ewì tirẹ̀: iná sọ̀kalẹ̀ (ẹsẹ 3), òkú dìde (5), ọba rọ̀ sínú kòtò (6), wòlíì gòkè (9). Ó tún fi lẹ́tà ṣeré: ọ̀pá oúnjẹ ẹsẹ 2 ni *matteh*, ibùsùn ẹsẹ 6 ni *mittah*, lẹ́tà mẹ́ta kan náà ni wọ́n fi ń kọ méjèèjì. Ẹ rí i nísinsìnyí pé ẹni tó bá gé ẹsẹ 5 sí 8 kúrò ti gé àtẹ̀gùn náà ní àárín.

Ṣé òkè méjì ni Sínáì àti Hórébù?

Rárá, òkè kan ni. Àṣà ewì Hébérù ni láti sọ nǹkan lẹ́ẹ̀kan, kó sì tún un sọ lọ́nà mìíràn ní apá kejì ìlà. Ẹni tó bá ń wá ìrìn àjò méjì níbẹ̀ yóò wá a tì.

Ṣé lóòótọ́ ni Èlíjà ta òróró sórí àwọn ọba?

Wọ́n rán an sí i, ní 1 Àwọn Ọba 19:15-16: Hásáélì, Jéhù àti Èlíṣà. Ṣùgbọ́n bí ìtàn ṣe lọ, Èlíṣà ló bá Hásáélì sọ̀rọ̀ ní Damásíkù, ọmọ wòlíì kan tí Èlíṣà rán ló sì da òróró lé Jéhù lórí (2 Àwọn Ọba 8 àti 9). Èlíṣà fúnra rẹ̀, agbádá ni Èlíjà jù lé e. Ben Sírà ka iṣẹ́ tí ọmọlẹ́yìn parí sí ti ọ̀gá tó gba àṣẹ rẹ̀. Kò pọn dandan láti pè é ní àṣìṣe, ṣùgbọ́n ẹ má lo ẹsẹ 8 láti fi sọ pé òróró ti ọwọ́ Èlíjà kán sórí Jéhù.

Kí ni Ben Sírà fò?

Ó pọ̀. Kò sí ẹyẹ ìwò tó ń gbé oúnjẹ wá. Kò sí ìkòkò ìyẹ̀fun opó Sáréfátì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ opó náà ni òkú ẹsẹ 5. Kò sí 450 wòlíì Báálì. Kò sí aṣọ onírun àti àmùrè awọ. Jésébẹ́lì kò jẹyọ rárá.

Èyí tó yẹ ká dúró tì ni 1 Àwọn Ọba 19. Níbẹ̀, ẹ̀rù ba Èlíjà, ó sá lọ sí aginjù, ó jókòó sábẹ́ igi juniperi, ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Ó dé Hórébù: afẹ́fẹ́, ìsẹ̀lẹ̀, iná, Olúwa kò sí nínú iná náà. Lẹ́yìn náà ni ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ben Sírà mọ ìtàn yìí dájú, torí ó dárúkọ Hórébù. Ṣùgbọ́n ohun tó gbà láti ibẹ̀ ni "ìbáwí" àti "ìdájọ́ ẹ̀san", ìyẹn iṣẹ́ tí ohùn náà rán an. Ó yọ omijé, ó jẹ́ kí idà wà níbẹ̀.

Ewì ìyìn ló ń kọ, kò sì sí akéwì tí yóò fi ọjọ́ tí akọni sá yin akọni. Wòlíì tó bẹ̀rẹ̀ bí iná kò sì lè dé ibi tí "Olúwa kò sí nínú iná náà" kí ewì rẹ̀ má ya. Mo gbà pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, mo sì gbà pé nǹkan ńlá sọnù níbẹ̀. Ẹ ka méjèèjì. Èlíjà abẹ́ igi juniperi ni ó mú kí Èlíjà ẹsẹ 4 ṣeé gbàgbọ́.

Ṣé kẹ̀kẹ́ iná ló gbé e lọ?

Ààjà ni. 2 Àwọn Ọba 2:11 sọ pé kẹ̀kẹ́ iná àti ẹṣin iná pín òun àti Èlíṣà níyà, Èlíjà sì bá ààjà gòkè re ọ̀run. Ben Sírà nínú Hébérù náà fi ààjà ṣáájú. Gíríìkì ló kó ààjà, iná, kẹ̀kẹ́ àti ẹṣin pọ̀ mọ́ra.

Ẹsẹ 10 ní "a kọ ọ́". Níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí?

Nínú Málákì. Bíbélì Yorùbá kà á sí 4:5-6, ti Hébérù kà á sí 3:23-24. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú. Málákì ní Èlíjà yóò yí ọkàn baba padà sí ọmọ, àti ọkàn ọmọ sí baba, kí Ọlọ́run má bàa fi ègún lu ilẹ̀ náà. Ben Sírà gba ti baba sí ọmọ, ó fi ìlàjì kejì sílẹ̀, ó yọ ègún. Ó fi gbólóhùn kan láti Àìsáyà 49:6 dípò rẹ̀: gbígbé àwọn ẹ̀yà Ísírẹ́lì dìde. Ẹsẹ yìí nìkan ló gba ìlà méjì nínú ewì náà. Iná tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìyàn wá ń paná ìbínú.

Mo fẹ́ fi kọ́ ẹgbẹ́ Bíbélì. Báwo ni kí n ṣe é?

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n ka 1 Àwọn Ọba 17 sí 19 àti 2 Àwọn Ọba 1 sí 2 nílé. Láìsí ìyẹn, orúkọ lásán ni ewì náà yóò jẹ́ létí wọn. Lọ́jọ́ ẹ̀kọ́, ẹ kọ ewì náà sí òpó méjì lójú ìwé, apá kìíní ìlà lọ́tùn-ún, apá kejì lósì, bí adàwékọ Hébérù ṣe tò ó. Ẹ pín ohùn: ẹnì kan ka ọ̀tún, ẹlòmíràn dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n fi ọfà kékeré sàmì sí gbogbo ibi tí nǹkan ti gòkè tàbí sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n sì fa ìlà sábẹ́ "iná" gbogbo. Ohun tó sábà máa ń bàjẹ́ ni pé olùkọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn Kámẹ́lì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àkókò á sì tán ní ẹsẹ 3. Ìṣẹ́jú méjì tó fún Kámẹ́lì.

Kí ló dé tí ìtumọ̀ ẹsẹ 11 kò bára mu láti Bíbélì kan sí òmíràn?

Torí pé ìwé ya níbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ìtumọ̀ bíi ti Gíríìkì, Látìn àti Síríákì nìkan ni ayé ní. Ní 1896, Solomon Schechter, onímọ̀ Hébérù ní Cambridge, dá ewé Hébérù kan mọ̀, èyí tí àwọn ìbejì Agnes Lewis àti Margaret Gibson rà wálé láti ìrìn àjò wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni púpọ̀ sí i jáde láti yàrá ìkówèésí sínágọ́gù Ben Ezra ní Káírò. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìwé náà ló ti wà ní Hébérù báyìí. Àkájọ ìwé tí wọ́n rí ní Masada, odi àtijọ́ kan létí Òkun Òkú, ní 1964 dàgbà ju ti Káírò lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n ó parí ní orí 44, kò dé ọ̀dọ̀ Èlíjà. Ìwé tí wọ́n ń pè ní B láti Káírò ni a gbójú lé.

Ní ẹsẹ 11, B kà kedere dé "Aláyọ̀ ni ẹni tó rí ọ tó sì kú", lẹ́yìn náà ìwé ti jẹ. Gíríìkì ní: aláyọ̀ ni àwọn tó rí ọ àti àwọn tó sùn nínú ìfẹ́, nítorí àwa náà yóò yè dájúdájú. Àwọn ẹ̀dà Gíríìkì kan kà "tí a ṣe lọ́ṣọ̀ọ́" dípò "tó sùn". Ọ̀rọ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ara wọn ní kíkọ. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò gbà pé Ben Sírà ló kọ "àwa náà yóò yè", torí pé níbòmíràn nínú ìwé rẹ̀, bíi 14:16, kò rí ìgbádùn kankan ní isà òkú. Ẹ fi àmì bíńtín sẹ́gbẹ̀ẹ́ apá kejì ẹsẹ náà nínú ìwé yín, kí ẹ sì ka apá kìíní sókè.